Orúkọ Tó Wà Níwájú Fáìlì

Ní ilé iṣẹ́ tí Kothai ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Madras, ní ilẹ̀ Íńdíà, kò sí ẹni tí kò mọ bírò pupa rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ adójútòfò kan lókè òkun yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ti iṣẹ́ oníkálukú jáde sórí ìwé gbọọrọ gbọọrọ, ẹlòmíì á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ. Tó bá wá bọ́ sí ọ lọ́rùn pé Kothai ló máa yẹ tìrẹ wò, kí o yáa gba kámú. Bí ìwé yẹn ṣe máa padà sọ́wọ́ rẹ, o ò ní mọ̀ bóyá ìwọ lo kọ ọ́ àbí ìwọ ni wọ́n gún lọ́bẹ sórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí jù níbẹ̀ ni bí a ṣe ń ka fáìlì. Má jẹ̀ẹ́ kó sú ọ, kò le. Ká sọ pé orúkọ inú fáìlì ni èrò tó tò sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá dókítà, kí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ dókítà. Ilango, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Kothai, ní kí dókítà kọ́kọ́ jókòó ná, kó wá pe ẹni tó kàn, tó bá ti rí ẹni wọlé kó yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá sí ẹnikẹ́ni mọ́ kó ti ilẹ̀kùn. Kothai ní ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí dókítà bá gbàgbé láti gbójú sókè wò bóyá ẹnì kan tiẹ̀ wọlé, ẹni tó yẹ̀ wò kẹ́yìn náà ni yóò tún yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Tirẹ̀ ni pé kí ẹni àkọ́kọ́ ti wà nínú yàrá kí dókítà tó jókòó, kí dókítà sì pe ẹni tó kàn ní kété tó bá parí pẹ̀lú ti iwájú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tó bá gbójú sókè, ó rí èèyàn tàbí kó mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Ọ̀gá wọn fara mọ́ ọn, ó ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ilé iṣẹ́, gbogbo wọn sì ń pe ìwé náà ní Òfin Kothai.

Ká má purọ́, ọ̀nà méjèèjì ló délé. Ilango náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í dákẹ́.

"Olófin," ló máa ń pè é, "ṣé ó di dandan kí gbogbo wa máa rìn bí ìwọ ṣe ń rìn ni?"

"Ẹ ò mọ ìrìn tiyín rìn ni," Kothai á dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Bí mo bá fi yín sílẹ̀, ẹ ó kó sí kòtò, èmi náà ni wọ́n á tún ní kí n wá fà yín jáde."

"Ọkọ tó máa fẹ́ ọ á rí nǹkan. Á jẹun tán, wàá ní kó tún un jẹ, pé kò gba iwájú abọ́ wọlé."

Gbogbo ọ́fíìsì á rẹ́rìn-ín. Kothai náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn a máa bá a dé ibi tí Ilango kò mọ̀.

Torí pé nílé, ọ̀rọ̀ ọkọ ni wọ́n fi ń sùn, òun ni wọ́n fi ń jí. Ó kù díẹ̀ kí Kothai pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá rẹ̀, Varadan, ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Sabesan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Sabesan ṣí ilé iṣẹ́ alárenà sí ọ̀nà kọ́rọ́ kan ní àdúgbò Mylapore, ó sì ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa wá ọkọ fún ọmọbìnrin àti ìyàwó fún ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ àgbọn ṣí i, ó bẹ Varadan pé kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe nọ́ńbà kìíní, pé ọmọ ilé ire ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ kí ọjà lè tà. Varadan gbà. Wọ́n kọ orúkọ Kothai, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ìràwọ̀ tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, wọ́n mú fọ́tò rẹ̀ tó wọ sárì aláwọ̀ ewé tì í.

Lóṣooṣù ni Sabesan máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọkùnrin tí ìràwọ̀ wọn bá ti ọmọ wọn mu. Ìwé kankan ò dé ilé Varadan rí. Bàbá Kothai lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń tì í lójú láti lọ mọ́.

"Ẹ̀rọ ò ní ẹbí, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ò sì ní ọ̀tá," Sabesan sọ fún un. "Tó bá ti rí i, á sọ."

Ìgbà tí ẹ̀rọ ò sọ, wọ́n gba ilé awòràwọ̀ lọ. Awòràwọ̀ ní ìràwọ̀ pupa ló jókòó síbi tí kò dáa nínú ìwé ìràwọ̀ ọmọ náà, pé òun ló ń lé ọkọ sá. Mangalam, ìyá Kothai, bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ́ńpìlì ká, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sẹmó tí wọ́n fi ń se kesari, oúnjẹ aládùn, fún àlejò tó bá wá wo ọmọbìnrin kì í wọ́n nínú agolo rẹ̀. Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, á dà á fún èèrà lẹ́nu ọ̀nà, á ra òmíràn. Àlejò kankan ò wá jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àǹtí Kothai kan fi rí ọkùnrin kan ní Kumbakonam tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọkùnrin náà ti dàgbà jù ú lọ dáadáa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó sì ń dun ni nìyẹn, nítorí èèyàn ò rí nǹkan bú u sí. Ó ní òun ò bìkítà nípa ìràwọ̀ pupa. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí ìyàwó fi iṣẹ́ Madras sílẹ̀ kó wá jókòó ti ìyá òun tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú àwo ewé bẹ́tẹ́lì àti àgbọn. Tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ àwo, ó tán nìyẹn, èèyàn gidi kì í dá a padà.

Kothai ti ní òun gbà. Kò wù ú. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ débi pé kì í fẹ́ ronú pé ẹlòmíì yóò jókòó sídìí tábìlì yẹn. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá kan ilẹ̀kùn rẹ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ní ohun tí wọ́n rí lára rẹ. Kothai ti rò bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ní Ọjọ́rú, òun àti ìyá rẹ̀ lọ gba fọ́tò àti ìwé ìràwọ̀ rẹ̀ padà lọ́dọ̀ Sabesan, torí kò bójú mu kí orúkọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba ewé lé lórí ṣì wà lọ́wọ́ alárenà.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi," Sabesan kí Mangalam. "Ẹ jókòó, kọfí ń bọ̀. Ẹ̀rọ yìí gbìyànjú o, ẹ má rò pé kò gbìyànjú. Ohun tí ìràwọ̀ bá ti dì, ta ni yóò tú u?"

"A dúpẹ́, a tọ́pẹ́ dá," Mangalam fèsì, ó sì wo ilẹ̀.

Sabesan kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń tú fọ́tò. Ìwé oṣù náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Ojú oníṣẹ́ kì í sinmi, Kothai fà á mọ́ra. Nọ́ńbà ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, orúkọ àwọn ọkùnrin tó bá a mu sì tò sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ a kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ pé KÒ SÍ. Irú wọn ò kéré. Kothai ń ka wọn, inú rẹ̀ sì tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀ pé òun nìkan kọ́. Ó wá ṣí i padà sí ojú ìwé kìíní láti lọ fojú ara rẹ̀ rí KÒ SÍ tirẹ̀.

Orúkọ tó wà lókè pátápátá níbẹ̀ ni ti nọ́ńbà kejì.

Ó wo ẹ̀yìn ìwé náà. Ó wo abẹ́ tábìlì.

"Ọ̀gá, ojú ìwé tó ṣáájú èyí dà?"

"Òun ló ṣáájú yẹn," Sabesan dá a lóhùn láìyíjú.

"Èmi dà níbẹ̀?"

"Ọmọ mi, kò sí ẹni tó bá ọ mu ni. Má gbé e sọ́kàn."

"Ẹni tí kò rí ẹni tó bá a mu, ẹ̀rọ yín kọ 'kò sí' fún un. Nagalakshmi yìí ò rí ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ tèmi ni mi ò rí."

Sabesan yíjú. "Kí nìyàtọ̀ nínú ẹ̀?"

Kothai tún wo ojú ìwé náà. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Kí á wá ọkọ fún ọ ká má rí i, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí á má tiẹ̀ wá a rárá, ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

"Ta ló kọ iṣẹ́ yìí fún yín, ọ̀gá?"

"Ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ pé ni. Ilango. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ṣáà fi àbúrò òun sínú ẹ̀rọ. Àbúrò náà ti ń tọ́ ọmọ ní Salem báyìí."

"Kothai, kí lò ń wò?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan, Amma. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò yẹn sílẹ̀ di ọ̀la."

"Di ọ̀la kẹ̀? Ọ̀túnla ni àwọn èèyàn ń bọ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé o ṣì ń ná ọjà níhìn-ín ni?"

"Amma, ẹ dákun. Ọ̀la péré."

Wọ́n jáde. Mangalam ń kùn láti Mylapore délé, Kothai kò sì sọ ohun tó rí fún un, torí kò tíì dá a lójú, kò sì fẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní ìrètí tí yóò tún gbà padà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ká Ilango mọ́ ìdí tíì nísàlẹ̀ ọ́fíìsì, kó tó mu ún dé ìdajì.

"O bá Sabesan alárenà ṣiṣẹ́."

Ilango fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tíì gba imú. "Ta ló sọ fún ọ? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Iṣẹ́ ìta ni, wọ́n á lé mi."

"Mi ò bá ti ọ̀gá wá. Ọmọbìnrin tó ṣe ìkíní nínú fáìlì rẹ, ẹ̀rọ rẹ kì í kàn án. Ó ń fò ó ni."

"Irọ́ ni. Mo dán iṣẹ́ yẹn wò dáadáa, mo fi orúkọ àwọn àǹtí mi dán an wò. Gbogbo wọn ló jáde, títí kan èyí tó ti kú."

"Ilango, mo ní ó ń fò ó. Mo fojú ara mi rí i."

"Tó bá tiẹ̀ ń fò ó, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ta ni nọ́ńbà kìíní náà?"

"Èmi ni."

Ilango gbé ife kalẹ̀. Ó mọ̀ pé Kothai ò tíì lọ́kọ, gbogbo wọn ló mọ̀, òun ló sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ jù. Fáìlì yẹn, kò fojú kan orúkọ inú rẹ̀ rí, iṣẹ́ rẹ̀ parí kí Sabesan tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ló wí. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní méjì méjì, ó sì mú páálí kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó tú ìwé inú rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì onítíì.

Kothai mọ ojú ìwé náà kó tó kà á. Àárín rẹ̀ ni bírò pupa wà, pẹ̀lú ìkọ̀wé tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń bínú: *Ka ọ̀kan kí o tó wọlé!*

"Rántí," Ilango sọ pẹ̀lẹ́. "Mo gbé e fún ọ bí ẹni pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Èmi ni mo pe àwọn ọmọbìnrin ní 'ọjà' nínú rẹ̀ kí o má baà fura. Ojú ìwé kan yìí nìkan lo yẹ̀ wò, o jù ú sí mi níwájú, o ní tí mo bá tún gbé irú rẹ̀ wá, wàá ya á. Mo bá fi ìlà kan kún un, ká lè sinmi ariwo. Mo ní kí ni ìlà kan ṣoṣo lè ṣe? Mi ò tún dán an wò."

Kothai fi ìka tọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Ìlà tí òun ní kó fi kún un wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Àmọ́ ìlà ti Ilango ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, dókítà jókòó báyìí ló tún pe ẹni tó kàn, láìwo ojú ẹni tó ti wà níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà tirẹ̀, èkejì wà nínú ti Ilango. Ó yẹ kí òun sọ fún un pé kó gbé èyí tó wà lókè lọ sí ìsàlẹ̀. Kò sọ. Ó ti rò pé ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn.

Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ ara rẹ̀ yọ, pẹ̀lú bírò tó fi ń bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́rùpẹ̀ láìnu ún.

"Ó yẹ kí n ti dán an wò," Ilango wí.

"Ó yẹ kí n ti jẹ́ kí o mí," Kothai fèsì. "Dìde. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, a ń lọ sí Mylapore."

Ẹ̀yìn sikútà Ilango ló jókòó sí lọ́sàn-án yẹn, pẹ̀lú sárì rẹ̀ tó ká sọ́wọ́. Sabesan ń jẹ ìrẹsì olómi wàrà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ní ẹ̀rọ òun kì í ṣe àṣìṣe, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ilango ti jókòó sídìí rẹ̀ ná. Àṣẹ náà hàn lójú ẹ̀rọ.

"Èwo ni kí n yọ?" ó bi Kothai. "Kí n gbé tòkè lọ sísàlẹ̀ bí òfin ṣe wí ni, àbí kí n yọ ti ẹnu ọ̀nà?"

"Yọ tèmi," Kothai wí. "Bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án, ó ń ṣiṣẹ́."

Ilango gbójú sókè wò ó. "Òfin Kothai ńkọ́?"

"Òfin á dúró dè wá di Ọjọ́ Ajé. Yọ ọ́ kúrò."

Ó yọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ tún oṣù náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó gbé orí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó gbé e wá sósì, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nọ́ńbà kìíní, Kothai, ọmọ Varadan. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ọkùnrin kan. Òmíràn. Òmíràn tún wà. Ẹnì kan jẹ́ olùkọ́ ní Vellore, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn. Méjì nínú wọn, ìràwọ̀ pupa tiwọn jókòó síbi tí tirẹ̀ jókòó sí, bẹ́ẹ̀, ọmọdé ìlú wọn pàápàá mọ̀ pé bó bá ti wà lára ọkọ àti ìyàwó, ìkíní ti pa agbára èkejì nìyẹn.

Sabesan fọ ọwọ́ láìjẹun tán. "Èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà kìíní," ló ń wí, "kó lè jẹ́ oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jáde síta. Ọmọkùnrin yìí ló bà mí jẹ́."

"Ẹ má bú u," Kothai wí, ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀, ó sì jáde.

Nílé, àga gbọọrọ ẹ̀bá fèrèsé ni bàbá rẹ̀ wà. Kothai tẹ́ ìwé náà sí orókùn rẹ̀, ó ṣàlàyé. Varadan wá awò ojú rẹ̀, ó ń ka orúkọ lóhùn sókè, ohùn rẹ̀ ń ga sí i.

"Èyí! Mo mọ bàbá ẹ̀, a jọ wà ní ibùdó Arakkonam! Ọdún mẹ́ta! Sabesan, ọdún mẹ́ta lo fi ń fún mi ní kọfí mu!"

Mangalam ò wo ìwé náà. Ẹnu ọ̀nà ìyàrá ìdáná ló dúró sí, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tún un sọ fún mi," ó ní, "bí èmi náà á ṣe gbọ́. Àwọn ará ilé ọkùnrin wọ̀nyí, ṣé wọ́n rí orúkọ rẹ, wọ́n wá kọ̀?"

"Rárá, Amma. Wọn ò rí i rí."

"Ìràwọ̀ rẹ ni wọ́n rí tí wọ́n sá."

"Ẹnikẹ́ni ò wo ìràwọ̀ kankan. Ẹ̀rọ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tẹ̀ lé mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

Mangalam fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Nígbà náà, kì í ṣe èmi," ló wí.

Kò sẹ́ni tó lóye rẹ̀. Ó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún ìyẹ̀fun. Moolam ni ìràwọ̀ tí wọ́n bí òun sí. Lọ́jọ́ tí òun wọ ilé yìí ní ìyàwó, ìyá Varadan sọ lójú gbogbo èèyàn pé obìnrin Moolam, ilẹ̀kùn ló máa ń tì, pé bí kò bá ti ti ara rẹ̀, á ti ti ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé Sabesan kò ti dé, òun kì í fi iyọ̀ sẹ́nu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ló ń sọ fún wọn pé dókítà ní kí òun yàgò fún iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí dókítà kankan. Ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀ kí ìràwọ̀ òun lè yọ̀ǹda ọmọ.

Kothai ti rò pé òun nìkan ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi nínú ilé náà. Gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ń jókòó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń jẹ ọbẹ̀ aládùn, ìyẹn ń gbé ìrẹsì tí kò níyọ̀ mì. Kò béèrè orúkọ dókítà yẹn rí.

"Mangalam," Varadan wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyá mi ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn náà lo ṣì gbé dání?"

"Òkú kì í wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà," Mangalam dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun sì gbà á lójú. "Ta ló ṣe àṣìṣe ọ̀hún?"

Kothai lè dárúkọ Ilango. Sabesan ti dá a lẹ́bi ná, ọwọ́ Ilango ló sì tẹ ìlà náà sínú ẹ̀rọ lóòótọ́.

"Èmi ni, Amma."

"Ìwọ?"

"Ẹlòmíì ló kọ iṣẹ́ náà, ó sì dáa bó ṣe kọ ọ́. Èmi ni mo fipá mú un kó yí i padà sí bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì jókòó tì í kó tún un ṣe tán. Ẹ bú mi. Ọdún mẹ́ta ààwẹ̀ yẹn, èmi ni mo fi jẹ yín níyà."

Ẹ̀rù ba Kothai ju bó ṣe bà á níwájú ọ̀gá èyíkéyìí rí.

"Ó dáa tó fi jẹ́ ìwọ," Mangalam wí. "Ó dáa gan-an ni. Ohun tí ìwọ bà jẹ́, o tún un ṣe lónìí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jẹun ọ̀sán. Ìràwọ̀ tèmi, mo bẹ̀ ẹ́ títí, mi ò ríbi gbá a mú."

Kothai jókòó sílẹ̀ tì í, ó gbé orí lé e léjìká bó ti ga tó yẹn, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Varadan ń wá sálúbàtà rẹ̀ kiri lábẹ́ àga, ó ní òun fẹ́ lọ síbi tẹlifóònù ìkóríta kí òun pe Kumbakonam kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n má wá lọ́la mọ́. Mangalam ké sí i pé kó fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́ o, ọkùnrin yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ara ìyá rẹ̀ ò sì yá.